Ìsàlẹ̀ Àpò Ni Ó Ti Bù Ú

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ọwọ́-Òṣùwọ̀n fi ń po oúnjẹ fún àwọn màlúù oníwàrà wa. Ìnagijẹ náà tọ́ sí i. Á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á gbóòórùn rẹ̀, á fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, á sì sọ bóyá òróró rẹ̀ ti pọ̀ jù. Èmi tí mò ń fún wàrà níbẹ̀ kò rí i kó ṣì í rí.

Ìgbà tí wọ́n gba àbúrò rẹ̀ obìnrin sí yàrá àyẹ̀wò ni ìlara wọ̀ ọ́ lára. Ẹ̀rọ tọmọ náà ń lò máa ń ya ọ̀rá inú oúnjẹ sí oríṣiríṣi, á sì sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, torí irú ọ̀rá kan wà nínú òróró tó jẹ́ pé bí màlúù bá jẹ ẹ́ jù, ọ̀rá inú wàrà á dínkù. Ni ọ̀gá wa bá ń pè é ní Dókítà, ó ra àga onítìmùtìmù fún un. Orí àpò ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jókòó láti ọjọ́ tó ti débẹ̀. Ó ní ṣebí òun lòun pọ̀n ọ́n lọ síléèwé, ọmọ náà ló wá ń fi ẹ̀rọ yẹ ọwọ́ òun wò.

Nígbà tí ọ̀rá wàrà dínkù, ọ̀gá ní kí wọ́n yẹ oúnjẹ wò. Ọwọ́-Òṣùwọ̀n tó ń po oúnjẹ ló máa ń bu èyí tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò: ẹ̀kúnwọ́ mẹ́wàá láti ibi mẹ́wàá. Lójú mi kòrókòró, ó ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò kan ṣoṣo, níbi tí òróró ti ṣàn jọ sí, ó bù ú kún ike. Ó fẹ́ kí ẹ̀rọ náà sọ ìsọkúsọ, kójú ti ọmọ ìyá rẹ̀. Mo dákẹ́, torí inú èmi náà ò dùn sí àga yẹn.

Èsì dé, òróró ti di ìlọ́po mẹ́ta iye tó yẹ. Ọ̀gá kọjú sí Ọwọ́-Òṣùwọ̀n, ó ní kò ní po oúnjẹ fún òun mọ́. Ìyẹn ni kò rò tẹ́lẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka èsì yìí sí," àbúrò rẹ̀ wí. "Ẹ̀gbọ́n mi kì í po oúnjẹ báyìí. Èmi ni mo ṣàṣìṣe."

Ọwọ́-Òṣùwọ̀n wo èékánná rẹ̀, òróró ṣì wà níbẹ̀.

"Kò ṣàṣìṣe kankan," ó ní. "Ìsàlẹ̀ àpò ni mo ti bù ú. Mò ń jowú rẹ̀ ni."

Ọ̀gá ní èsì kejì ló máa sọ bóyá ó ṣì níṣẹ́. Àbúrò rẹ̀ na ike òfìfo sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ibi mẹ́wàá o. Ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ bù ú."

Ọwọ́-Òṣùwọ̀n ki ọwọ́ bọ àpò àkọ́kọ́, èmi ni mo bá a di ike náà mú.