Kánádà Tó Wà ní Yàrá Ẹ̀yìn

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn mi lè balẹ̀: àbúrò mi ọkùnrin ò dé Kánádà rí. Kò dé Kùtọ̀nù pàápàá. Ìbàdàn tó ti lọ kàwé ni ibi tó jìnnà jù lọ tó dé láyé ẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti padà wá bá wa ní Ajégúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n fún bí ọdún kan, gbogbo àdúgbò ló gbà pé Kánádà ló wà, wọ́n sì ń pe màmá wa ní Ìyá Kánádà. Òun alára wà ní yàrá ẹ̀yìn, lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa òun.

Tí mo bá rántí ilé yẹn báyìí, ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ màmá wa ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́. Tapólì ni wọ́n ń rán, èyí tí àwọn onítírélà fi ń bo ẹrù. Kì í ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rán búláòsì o. Ẹ̀rọ gìdìgbà ni, abẹ́rẹ́ ẹ̀ fẹ́ẹ̀ tó ìka mi. Tapólì á gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, á yọ sí àgbàlá, èmi àti àbúrò mi á máa fà á bí wọ́n ṣe ń rán an lọ. Òórùn ẹ̀ wọ aṣọ ilé ìwé wa, ó wọ ìrẹsì, kò síbi tí kò wọ̀. Tí a bá gbé iṣẹ́ lọ fún àwọn oníbàárà ní Wọ́ọ̀fù Róòdù, àbúrò mi á máa ka ohun tí wọ́n kọ sára kọ̀nténà, á ní, “Sister mi, ìlú àwọn tó ń jẹ ejò ni èyí ti wá. Èyí, ọba ìlú kan ló fi ránṣẹ́.” Irọ́ gbuu ni. Mo mọ̀, mo sì ń gbọ́, inú mi á máa dùn. Kò sí ẹni tó tún lè mú kí Àpápá tó kún fún eruku àti èéfín dùn ún rìn bẹ́ẹ̀ fún mi mọ́.

Bàbá wa ti kú kí àbúrò mi tó wọ yunifásítì. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí màmá wa wà nínú ẹ̀ ló yá a lówó ilé ìwé. Òfin wọn ò le, kí n má parọ́ mọ́ wọn. Owó náà ò ní èlé. Ọmọ ò ní dá kọ́bọ̀ padà títí á fi rí iṣẹ́. Bí àìsàn bá dá a dúró, ẹgbẹ́ á dúró dè é, bí onídùúró ẹ̀ bá ti lè jẹ́rìí sí i lójú ìpàdé. Ẹyọ òfin kan ló gbóná: ẹni tó bá ti jápa, kó dá gbogbo owó padà láàárín oṣù mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gba ohun tí onídùúró fi dúró. Àwọn ọmọ kan ló fà á. Wọ́n yáwó, wọ́n kàwé tán, wọ́n wọ bàlúù, wọ́n sì pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù. Ẹ̀rọ tapólì yẹn ni màmá wa fi dúró.

Àbúrò mi ti ṣe ìdánwò àṣekágbá, ó ń retí kí wọ́n pè é lọ ṣe agùnbánirọ̀, ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Oorun ló kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló ní àwọn kọ̀nténà ń sọ̀rọ̀ òun. A rò pé àwàdà ẹ̀ àtijọ́ ni, a tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àfi bí wọ́n ṣe sáré wá pè wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé ó dúró sáàárín títì ní Wọ́ọ̀fù Róòdù, ó ń darí ọkọ̀. Ẹ gbà mí! Nígbà tí a débẹ̀, àwọn onítírélà ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ọ̀nà tó ti dí pa láti àárọ̀ ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Mo di apá ẹ̀ mú, mò ń sunkún, ni awakọ̀ kan bá yọrí lókè, ó ní, “Sister, abeg leave am small, make we pass.” Títí dòní, bí mo bá rántí, mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n ṣépè.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní àìsàn ọpọlọ ni, pé ó ní oògùn. Ó ní kó máa lo oògùn náà déédéé, kó má jókòó sínú ilé, kó máa rìn, kó máa wà láàárín èèyàn. Màmá wa ń mi orí, “Ẹ ṣé, Dókítà. Ẹ ṣé gan-an.” Kí a tó délé, wọ́n ti pinnu: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́.

Nítorí tèmi ni. Ìdílé ọkùnrin kan ń bọ̀ wá tọrọ mi nígbà náà. Ẹ ṣáà mọ̀ wá. Kí ìdílé ọkọ tó gbé ẹsẹ̀, wọ́n á ti ránni wádìí bóyá wèrè wà níran, bóyá wárápá wà. Àǹtí ọkùnrin náà tún wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yìí kan náà, etí ẹ̀ sì nà bíi ti ehoro. Mo ní, “Mọ́mì, ẹni tó bá máa fẹ́ mi á fẹ́ mi.” Wọ́n ní, “Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. O ò tíì mọ ayé.”

Nígbà tí aládùúgbò kan wá béèrè pé, “Àbúrò ẹ dà? Ọjọ́ mẹ́ta kan,” màmá wa ló gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n ní ó ti rìnrìn àjò. Ibo? Wọ́n ní, “Kánádà.” Mo wojú wọn. Wọn ò wo tèmi.

Ah! Ajégúnlẹ̀! Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn èèyàn ti ń bá wa jó. “Mama Canada, e go reach our own pikin o!” Bàbá kan gbé fọ́tò ọmọ ẹ̀ wá pé kí àbúrò mi bá a wá ọ̀nà. Ẹnì kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó ń béèrè pé òtútù ọ̀hún ńkọ́, màmá wa sì ń dáhùn láìmikàn pé, “Hẹn, ó ń mú wọn o. Súẹ́tà méjì ni wọ́n ń wọ̀.” Ọmọ tó wọ súẹ́tà méjì wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó bọ́ra sílẹ̀, ó ń làágùn, iná ò sí. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó pè mí, ó ní, “Sister mi, ẹ bá mi wá abẹ̀bẹ̀, òtútù Kánádà yìí fẹ́ pa mí.” A rẹ́rìn-ín títí a fi di ikùn mú. Irú ẹ̀rín yẹn ń wù mí láti rín nísìnyí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò pẹ́ kó tó tán. Kò lè jáde lọ́sàn-án, kò lè yọjú sí àgbàlá, kò lè bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ wo bọ́ọ̀lù. Tí wọ́n bá pariwo góòlù ní ìta, á dìde, á tún jókòó. Ó sanra gọbọi, ojú ẹ̀ funfun. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, “Sister mi, oògùn yẹn ń ṣiṣẹ́. Yàrá yìí ni kò jẹ́ kí ara mi yá. Tí mo bá pẹ́ síbí sí i, mo máa tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn àwọn kọ̀nténà yẹn.” Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo sọ fún màmá wa, wọ́n ní ká ṣáà mú sùúrù kí ìgbéyàwó mi kọjá.

Ibi tí a ti ń mú sùúrù ni Kánádà ti dé etí ẹgbẹ́. Alága ránṣẹ́ sí màmá wa, ó kọ́kọ́ bá wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lẹ́yìn náà ló rán wọn létí òfin. Ẹni tó wà lókè òkun, oṣù mẹ́ta. Irọ́ tí a fi bo ọmọ wa ti di èyí tó fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu wa. Ohun tó yẹ ká ṣe ò le: ká lọ sọ òótọ́, kí wọ́n dúró de aláìsàn. Ṣé ẹ mọ ohun tí màmá wa sọ? Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ máa gbé ẹ̀rọ lọ!

Orí mi gbóná. Mo ní, “Mọ́mì, kí la máa jẹ?”

“Ọlọ́run ò ní jẹ́ kébi pa wá.”

“Ọlọ́run wo? Èyí tó mọ̀ pé Kánádà ò sí?”

Wọ́n fẹ́ gbá mi létí, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ò gbé e. Wọ́n kàn jókòó ti ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn kọ́tìnnì, gbogbo ẹ̀ ń wọ etí àbúrò mi.

Ọjọ́ Ìsinmi tí ìpàdé máa wáyé, a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, a bá a tó ti wẹ̀, tó ti wọṣọ, tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbangba. Ó ní, “Mò ń bá yín lọ.” Màmá wa bẹ̀ ẹ́, wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sunkún. Ó kàn ń wọ bàtà ẹ̀.

Kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni ẹgbẹ́ ti ń ṣèpàdé. Bí a ṣe wọlé, ariwo sọ. “Ọmọ Kánádà ti dé!” Obìnrin kan tiẹ̀ dìde, ó fẹ́ dì mọ́ ọn. Wọ́n rò pé ó ti gbé dọ́là wá san gbèsè. Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ó dìde, ó ní, “Mi ò lọ ibì kankan, ẹ̀yin àgbà. Ilé ni mo wà. Ọpọlọ mi ni ò dá, mò ń lo oògùn. Mo fẹ́ kí ẹ dúró dè mí.”

Bàbá àgbà kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ń nàka sí i: “Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ geere! Wèrè wo ló ń sọ̀rọ̀ báyìí? Àná Kánádà, òní àìsàn. Ọgbọ́n tí wọ́n fẹ́ fi jẹ owó wa ni!” Àwọn kan ní òótọ́ ni. Àánú àbúrò mi ṣe mí títí. Ọ̀rọ̀ tó tò dáadáa, tó ṣeé ṣe kó ti fi gbogbo òru há sórí, òun náà ni wọ́n fẹ́ fi dá a lẹ́bi.

Alága kọjú sí màmá wa. “Ìyá, ẹ̀yin ni onídùúró ẹ̀. Òfin ní kí ẹ̀yin jẹ́rìí. Kí ló ṣe ọmọ yín?”

Wọ́n dìde. Àǹtí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi wà ní bẹ́ǹṣì iwájú, ó ti yí ọrùn padà. Màmá wa wò ó, wọ́n wò mí. Mo ní, “Ẹ sọ ọ́, Mọ́mì.” Wọ́n sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́.

Bàbá àgbà yẹn ní, “A ò gbọ́!”

“Mo ní ọmọ mi ya wèrè!” Ohùn wọn gba kíláàsì, ó gba fèrèsé jáde. “Ṣé ẹ ti gbọ́ báyìí? Ó dúró sójú títì, ó ń darí tírélà. Èmi ni mo tì í mọ́lé, èmi ni mo rán an lọ sí Kánádà. Dókítà ní kó jáde, mi ò jẹ́ kó jáde. Ó ń lo oògùn, ara ẹ̀ ń yá. Ẹ dúró dè é! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró de ọmọ mi!”

Àǹtí gbé báàgì ẹ̀, ó jáde. Ìdílé náà ní àwọn ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀; títí dòní, ọ̀nà wọn ò tíì já sọ́dọ̀ wa. Alága ní òfin sọ pé àìsàn, kò yan irú àìsàn láàyò, kí àbúrò mi lọ tọ́jú ara ẹ̀, ó dìgbà tó bá rí iṣẹ́ kó tó san gbèsè. Bàbá àgbà ń kùn, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Nígbà tí a jáde, màmá wa ti ń forí lé ọ̀nà kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilé ìwé. Àbúrò mi ò tẹ̀ lé wọn. Wọ́n yíjú padà, wọ́n ń wo ilẹ̀.

“Ṣé ohun tí mo pè ẹ́ níwájú wọn dùn ẹ́?”

Ó ní, “Ó dùn mí, Mọ́mì. Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gba ibi tí èèyàn wà lọ sílé.”

Màmá wa di ọwọ́ ẹ̀ mú, a sì gba ojú títì.