Ìyá Dúró-Ná Kú Sójú Títì, Wọ́n Ní Òun Ni Kò Wòye

Ìyá Dúró-Ná ti kú. Ọkọ̀ ló pa á níwájú iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa bí wọn ò ṣe ní í kú sójú títì. Kì í ṣe ọkọ̀ ọ̀mùtí, kì í sì í ṣe ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ já. Ọkọ̀ àwọn aláṣẹ ìrìnnà ni. Wọ́n ń sáré bọ̀ wá kọ́ àwọn ọmọ iléèwé pé eré àsápajúdé kò dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín o, òkú ń bẹ nílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, tíṣà kíláàsì kejì ni, obìnrin kúkurú kan tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí ohun tó máa ń sọ kí ọmọ tó gbẹ́sẹ̀ sójú ọ̀nà nìyẹn: "Dúró ná! Wo òsì, wo ọ̀tún, tún òsì wò." Ọmọbìnrin mi wà ní kíláàsì rẹ̀. Ó gba ẹ̀kọ́ náà débi pé kì í jẹ́ kí n ti yàrá bọ́ sí ilé ìdáná láìkọ́kọ́ wo òsì wo ọ̀tún. Ó máa ń bí mi nínú nígbà yẹn, pàápàá tí ebi bá ń pa mí.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kun ìlà funfun tí ẹlẹ́sẹ̀ fi ń sọdá sáàárín ọgbà iléèwé, níbi tí ọkọ̀ kankan kì í dé, nítorí kò sẹ́ni tó gbà láti kùn ún sójú títì níta, níbi tí ọkọ̀ ti ń fò bí ẹyẹ. Tó bá di àkókò ẹ̀kọ́, á pín àwọn ọmọ sọ́nà méjì: àwọn kan á gbé páálí kọ́rùn, wọ́n á di ọkọ̀, àwọn tó kù á di ẹlẹ́sẹ̀. Gbogbo wọn ló máa ń fẹ́ di ọkọ̀, bíi tàwa àgbà náà ni. Lọ́jọ́ kan tí mo tètè dé láti mú ọmọ mi, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà ń kùn bí ẹ́ńjìnnì, ó sì ya wọ àárín àwọn ẹlẹ́sẹ̀.

"Ìwọ ọkọ̀ yìí, ṣé o ò rọ́wọ́ mi ni?"

"Mo rí i, mà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ọ̀gá ni mí. Ọkọ̀ ọ̀gá kì í dúró, mà."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rín in. Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ páálí lọ́rùn ọmọ náà, ó ní kó máa fẹsẹ̀ rìn títí agogo á fi lù. Nínú ọgbà kékeré yẹn, ẹni tó bá wa ìwàkuwà, wọ́n á gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá mi wá ibòmíì tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílùú yìí.

Kò ṣàì bẹ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n mọ gegele tó máa dín eré ọkọ̀ kù síwájú iléèwé. Hẹ́dìmásítà tẹ̀ lé e lọ sí ọ́fíìsì wọn nígbà kan, òun ló ròyìn fún mi. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wo fáànù tí kò yí, títí ẹnjiníà fi yọjú.

"Màmá, gegele tí ẹ ní ká mọ sójú títì yẹn, kò lè ṣeé ṣe. Èèyàn ńláńlá ló ń gbabẹ̀ kọjá."

"Èèyàn kéékèèké náà ń gbabẹ̀ kọjá, sà."

"Ẹ ṣáà máa kọ́ àwọn ọmọ yín, Màmá. Ẹ̀kọ́ ló jù."

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n! Òròmọdìẹ ló yẹ kó lọ kàwé, àṣá ti gboyè tán. Kí inú rẹ̀ má bàa bàjẹ́, wọ́n ṣèlérí pé iléèwé rẹ̀ làwọn máa fi Ọ̀sẹ̀ Ààbò Ojú Ọ̀nà tọdún yìí dá lọ́lá.

Wọ́n mú ìlérí ṣẹ. Pápá tó wà lódìkejì títì ni wọ́n pàgọ́ sí. Àwọn ọ̀gá ti pẹ́, ni wọ́n bá tan sírénì. Ìyá Dúró-Ná ti kó kíláàsì rẹ̀ sọdá, ó ku àwọn díẹ̀ tó ń wọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Ó dúró sáàárín títì, ó nawọ́ sókè. Ọkọ̀ tó ṣáájú kò tilẹ̀ rọra. Ó ráyè ti àwọn ọmọ náà sẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ni kò ráyè kúrò. Ọmọ mi wà lódìkejì, ó rí gbogbo rẹ̀.

"Dádì, ó nawọ́ sí wọn," ló ń sọ fún mi ṣáá. "Ṣé wọn ò kọ́ àwọn yẹn ni?"

Ṣé ẹ rò pé wọ́n tú ètò ká? Ó tì o! Àga ti wà nílẹ̀, àlejò ti jókòó. Wọ́n gbé òkú lọ, wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ sórí ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní ká dìde ká dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ọ̀gá àgbà wá sọ̀rọ̀ lórí ewu eré àsápajúdé. Wọ́n ti kó àwọn ọmọ tí wọ́n torí wọn wá padà sí kíláàsì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sunkún, ṣùgbọ́n àwọn àlejò pàtẹ́wọ́ dáadáa.

Nígbà tí a fẹ́ sin ín, agbẹnusọ wọn dé, ó bá wa kẹ́dùn, ó sì ní ìwádìí fi hàn pé olóògbé "bọ́ sójú títì láìwòye". Ta ni kò wòye? Ta sì ló ṣèwádìí? Àwọn náà ni, ọ̀bẹ kì í sì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ọkọ olóògbé dìde. Télọ̀ ni, ẹni tí ohùn rẹ̀ kì í jáde.

"Ẹ ti pa á. Ẹ má wá bà á lórúkọ jẹ́ mọ́ ọn."

Ó jókòó padà. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo gbọ́ pé àwọn aláṣẹ fẹ́ fi orúkọ Ìyá Dúró-Ná sọ ìdíje kan. Wọ́n tilẹ̀ ti kun ìlà funfun báyìí, níwájú ọ́fíìsì wọn. Awakọ̀ tó pa á ṣì ń wakọ̀ wọn kiri.

A ò béèrè ìdíje. Kí agbẹnusọ yín jáde ní gbangba, kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Kí awakọ̀ náà àti ọ̀gá tó ní kó máa sáré dé iwájú adájọ́. Kí ẹ mọ gegele síbẹ̀, kí ẹ fi ẹni tí á máa dá ọkọ̀ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀la ni iléèwé máa wọlé padà. Títì yẹn náà ni ọmọ mi máa sọdá, kò sì sẹ́ni tó máa nawọ́ sókè fún un.