Ọ̀gágun Tarpley Gba Oríkì ní Covington

Ìwé Mímọ́ kì í bo àṣírí àwọn ẹni ńlá rẹ̀. Ó sọ fún wa pé Nóà mu wáìnì yó, pé Dáfídì wo aya aláya láti orí òrùlé, àti pé Pétérù sẹ́ Olúwa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí àkùkọ tó kọ. Síbẹ̀, orúkọ wọn ni a ń sọ àwọn ọmọ wa. Orí òye yìí ni arákùnrin wa nínú ìjọ, Láńrewájú Ọláníyọnu, dúró lé lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí òtítọ́ gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ogún ọdún gbáko ni ó fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní Ìkìrun. Láti ìgbà tí ó ti dé Atlanta, ṣẹ́ẹ̀tì ni ó ń ká ní ṣọ́ọ̀bù kan nínú mall ní Buford. Kò ráhùn. Ṣùgbọ́n Gbémi aya rẹ̀, tí í ṣe nọ́ọ̀sì, mọ̀ pé àwọn oníbàárà tó wá ra ṣẹ́ẹ̀tì máa ń gbọ́ ìtàn ogun Jálumi kí wọ́n tó sanwó. Nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan ní Covington kéde pé àwọn ń wá ẹni tí yóò máa mú àlejò yí ilé ká, tí yóò sì máa sọ ìtàn rẹ̀, ọkùnrin yìí gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Ọ̀gágun Absalom Tarpley, tó jà nínú ogun òmìnira Amẹ́ríkà, ni ó kọ́ ilé náà ní ọjọ́ ogbó rẹ̀. Mo máa ń rò pé bàbá tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn kò tíì ka ìtàn Absalomu dé ìdí igi óákù. Ìdánwò iṣẹ́ náà ni pé kí Láńrewájú dúró níwájú ìgbìmọ̀ ẹni méje ní ọ̀sán Sátidé kan, kí ó fi ìṣẹ́jú márùn-ún yin ọ̀gágun náà. Ó lọ ka gbogbo lẹ́tà tó wà nínú àwọn dúrọ́ọ̀ ilé náà. Ohun tí ó rí níbẹ̀ dà bí ìwé Àwọn Ọba: dáadáa lójú ewé yìí, burúkú lójú ewé kejì.

Túnmiṣe ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó wa mọ́tò gbé e lọ.

"Daddy, please, ẹ kàn sọ pé hero ni, kí ẹ sì jókòó. Job interview ni, kì í ṣe Bible study."

"Ta ló ń yin ẹni tí kò mọ̀?"

"Americans, sir."

Ó yin ọ̀gágun ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n gbà kọ́ ọ láti yin ènìyàn. Ó dìde, ó na ọwọ́ sí àwòrán tó wà lára ògiri:

"Absalom, ọmọ Tarpley,
A-ṣẹ́gun-lánàá, a-sá-lónìí.
Ó gbọ́ ìró ìbọn létí odò,
Ó fi bàtà sílẹ̀ fún ọ̀tá, ó ní kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ bọ̀.
Wọ́n fi í ṣe alábòójútó ọ̀nà, ọ̀nà rẹ̀ kò wọ́ títí dòní;
Wọ́n fi í ṣe adájọ́, oorun gbé ìdájọ́ lọ.
Ó jà fún òmìnira,
Ó fi ènìyàn mọ́kànlá ṣe ẹrú lẹ́yìn ilé."

Ó túmọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí Gẹ̀ẹ́sì, kò fo ìlà kan. Túnmiṣe ti fi ọwọ́ bojú. Ìyáàfin Lucy, aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo nínú ìgbìmọ̀ náà, ní kí ó tún ìlà ìkẹyìn kà. Ó tún un kà. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Alága wọn, Ìyáàfin Joanna, ìran keje ọ̀gágun fúnra rẹ̀, tún awò ojú rẹ̀ ṣe. "Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyọnu, ìyìn ni a ní kí ẹ wá ṣe."

"Òun náà ni mo ṣe, mà."

"Ẹ lè gba iṣẹ́ yìí lónìí. Ẹ kàn bá wa yọ ti bàtà yẹn kúrò." Kò dárúkọ ìlà ìkẹyìn; ojú Lucy wà lára rẹ̀.

Láńrewájú rántí àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tó ń dúró dè é ní Buford.

"Mà, bí mo bá yọ bàtà, ẹlòmíràn á ní kí n yọ oorun, ẹlòmíràn á ní kí n yọ àwọn mọ́kànlá. Fìlà tó dé nínú àwòrán yẹn nìkan ni yóò kù fún àlejò. Bàbá ńlá tèmi sá wọ inú àká iṣu nígbà ogun. Àràárọ̀ ni ìyá mi sì fi ń kí mi: ọmọ a-bá-iṣu-sùn-kí-ogun-kọjá."

"Kò dùn yín?"

"Bí kò bá sá, ta ni ì bá bí wa? Ọ̀gágun yín ńkọ́, mà? Ṣé kí ó tó sá ni ó bímọ, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

Joanna gbójú sókè wo àwòrán náà. "Lẹ́yìn rẹ̀ ni."

"Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mà."

Lucy ni ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n dìbò lójú ẹsẹ̀: ẹni mẹ́rin gbà, ẹni mẹ́ta kọ̀. Joanna wà lára àwọn mẹ́rin, ṣùgbọ́n kò na ọwọ́ rẹ̀ ga ju etí lọ. Ọjọ́rú àti Sátidé ni wọ́n fún Láńrewájú, pẹ̀lú bàtà, pẹ̀lú oorun, pẹ̀lú àwọn mọ́kànlá.

Nígbà tí ó délé tí ó ròyìn, Gbémi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì dìde.

"Daddy Túnmiṣe, ẹ kú oríire. Ṣùgbọ́n bí àwọn ènìyàn yẹn bá ní kí ẹ wá ki ìyàwó yín náà, ẹ ní ó rìnrìn àjò."