Ta Ló Kó Ìwé Ìbí Méje Nọ́ọ̀sì Asimawu Pamọ́?

Nọ́ọ̀sì Asimawu Hàmídù kú ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, lórí omi, láàárín Èbúté-Agbọn àti ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn jù tí òṣìṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹni àádọ́rin ọdún ni. Ní ọjọ́ kejìlá, lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì ètò ìlera tó gba ìwé ìbí méje, ìyẹn àwọn ìwé ńlá tó fi kọ ìbí àwọn ọmọ ìlú sílẹ̀, lọ́wọ́ rẹ̀. Gbólóhùn méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Èkíní bá ẹbí kẹ́dùn. Èkejì sọ pé àwọn kò ní àkọsílẹ̀ kankan pé àwọn gba ìwé kankan lọ́wọ́ olóògbé.

Agbẹjọ́rò mi ní kí n má tíì dárúkọ ọ́fíìsì náà. Ó dáa. Àwọn tó ń jókòó níbẹ̀ mọ ara wọn.

Ọ̀sẹ̀ yìí ni búlọ́ọ̀gù yìí pé ọdún kan. Ohun tí mo ti pinnu láti kọ ni ìròyìn jẹ́jẹ́ nípa àwọn ìtàn mẹ́tàlélógójì tí mo ti gbé jáde: bí Àgọ́-Ìwòyè ṣe rí kí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba oko, àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí Mamu, ilé alájà tó wó ní Awa tí gbogbo ayé fi bá mi jà. Mọ́kàndínlógún nínú wọn ni n kò bá tí lè kọ láìsí obìnrin tí a sin yìí. Nítorí náà, òun ni mo máa kọ.

Àṣìṣe ló mú wa mọra. Ní oṣù kejì búlọ́ọ̀gù yìí, mo kọ̀wé nípa ọkọ̀ kan tó rì ní Èbúté-Agbọn, mo sì fọwọ́ sọ̀yà pé ọdún 1988 ni. Mo ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí àgbàlagbà kò bá mọ ọdún, a óò bi í ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí a jọ bí láàárín ọdún díẹ̀ síra, a óò wá kà á padà sẹ́yìn. Mo gbé ìṣirò ilé lọ sí etí omi láìbèèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ṣe ń to ẹgbẹ́ tiwọn. Ní ọjọ́ kejì, fóònù mi dún.

"Ẹ̀yin lẹ kọ pé 1988 ni ọkọ̀ wa rì?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Rárá, mà."

"Èmi wà níbẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni mo gbẹ̀bí wọn lọ́jọ́ náà. Ọdún 1991 ni. Àbúrò, ẹ tètè tún un kọ o, kí àwọn ọmọ náà má lọ máa rò pé mo jí ọdún mẹ́ta nínú ọjọ́ orí wọn."

Mo lọ kí i. Ó kó ìwé ńlá méje jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti 1984 títí di 2015 ló fi jẹ́ agbẹ̀bí ní Èbúté-Agbọn, òun nìkan ní ọ̀pọ̀ nínú ọdún náà, láìsí dókítà, láìsí ẹni tí yóò gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá rẹ̀ ẹ́. Ẹgbẹ̀rún méjì ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́fà ọmọ ló wà nínú àwọn ìwé náà. Ó mọ̀ pé àwọn òbí máa gbàgbé ọjọ́, wọn kò sì ní gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí náà ló ṣe ń kọ ọ́ sí etí ìwé. *Obìnrin, ọjọ́ tí ìjì ṣí òrùlé mọ́ṣáláṣí. Ọkùnrin, ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìlọta kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ìbejì, omi wọ ọjà, inú ọkọ̀ ni mo ti gba Kẹ́hìndé.* Ibòmíràn wo ni ẹ ti fẹ́ rí ìtàn ìlú yẹn? Ọ̀pọ̀ ẹni tí a bí níbẹ̀ ni kò sì ní ìwé ẹ̀rí ìbí mìíràn láyé.

Kí ló gbé ìwé ìjọba dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Ní 2019, wọ́n kó òṣìṣẹ́ tó kù ní ilé ìwòsàn Èbúté-Agbọn lọ, wọ́n sì fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn. Kí wọ́n tó tì í, Nọ́ọ̀sì wọlé, ó bá àwọn ìwé náà nílẹ̀ tútù lábẹ́ òrùlé tó ń jò. Ó sá wọn sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọ́fíìsì tó fi wọ́n sílẹ̀ kò bèèrè wọn fún odindi ọdún márùn-ún.

Wọ́n bèèrè nígbà tí mo kọ̀wé. Mo gbọ́dọ̀ sọ eléyìí bó ṣe rí: èmi ni mo fi han gbogbo ènìyàn pé àwọn ìwé náà wà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkùnrin kan dé láti ọ́fíìsì náà pẹ̀lú àpò ìrẹsì, ó ní wọ́n fẹ́ kó wọn sínú kọ̀ǹpútà. Nọ́ọ̀sì pè mí. Mo ní kó fún wọn, kó ṣáà gba ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Ó bèèrè. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín: "Ìyá, ìjọba mà ni wá. Ṣé ìjọba ń sá lọ ni?"

Ó kó àwọn ìwé náà lọ láìfọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Nọ́ọ̀sì wọ ọkọ̀ ojú omi, tó tún gun ọ̀kadà, lọ bèèrè wọn. Ní ìgbà kẹta, akọ̀wé kan ní kó ní sùúrù, kọ̀ǹpútà kò ṣiṣẹ́. "Tó bá jẹ́ pé ó ń rọbí ni," Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn, "ẹ gbé e wá, màá gbẹ̀bí rẹ̀."

Zulaikha, ọmọ rẹ̀, wà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ kẹsàn-án náà tó ṣubú lulẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ilé ìwòsàn tí wọ́n tì yẹn la kọ́kọ́ gbé ìyá wa lọ. A kan ilẹ̀kùn. Gbogbo wa la mọ̀ pé kò séèyàn. Ìyá wa fúnra wọn ni wọ́n ní ká kàn án." Obìnrin tó ṣílẹ̀kùn yẹn fún gbogbo aboyún ìlú fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Ẹ wá ń kọ lẹ́tà pé ẹ bá ẹbí kẹ́dùn. Ẹ̀dùn wo?

A kò fẹ́ ẹ̀dùn. Ẹ dárúkọ ẹni tó gbé àpò náà. Ẹ sọ ẹni tó pàṣẹ pé kí a ti ilé ìwòsàn yẹn, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn ará Èbúté-Agbọn lójúkojú. Ẹ kó ìwé méjèèje padà wá ní ojúmọmọ, kí a kà wọ́n níṣojú gbogbo ènìyàn. Bí wọ́n bá ti jóná, tàbí tí ikán ti jẹ wọ́n, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ sí i. N kò ní kọ ìtàn mìíràn síbí títí ìdáhùn yóò fi dé.

Lánàá, Mùbàṣírù, tó fẹ̀yìn tì ní sítọ́ọ̀ ọ́fíìsì náà ní oṣù méjì sẹ́yìn, pè mí. Ó ní kí òun tó kúrò níbẹ̀, òun rí àpò ìrẹsì kan tí ìwé ńlá wà nínú rẹ̀ ní yàrá tó wà lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀. Òun kò yẹ̀ ẹ́ wò, òun kò sì mọ̀ bóyá ó pé méje. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ wà ní ìsinmi, Mọ́ńdè ni wọ́n ní yóò dé. Èmi àti Zulaikha ti kọ̀wé pé a ń bọ̀. Títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní, ọ́fíìsì náà kò tíì sọ bóyá wọn yóò jẹ́ kí a wọ yàrá náà.