Àwọn Àparò Ẹ̀yìn Ilé Mi

Ọyẹ́ ọdún náà tètè dé. Ilé mi wà lórí ilẹ̀ olókùúta lẹ́yìn ìlú Ìkìrun, lápá ọ̀nà Inísà, níbi tí koríko ti máa ń gbẹ ní kété tí òjò bá ti dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Òkukù, àwọn ọmọ mi ní kí n wá máa bá àwọn gbé ní Ìbàdàn. Mo ní rárá. Ariwo ti tó mi.

Láràárọ̀, màá gbé àga síta, màá da aṣọ bora, màá mu tíì. Ètè mi á ti là, ẹsẹ̀ mi á funfun bíi ti ẹni tó rìn nínú èlùbọ́. Àwọn alángbá á jáde sórí àpáta láti yáàrùn, òtútù ò ní jẹ́ kí wọ́n lè sáré. Níbi tí èéfín iná ìgbẹ́ bá ti ń rú lọ́ọ̀ọ́kán, àṣá á máa yí po lókè ibẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé eku àti tata á sá jáde. Mo máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Tíṣà ni mí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan lásán.

Mo gbé abọ́ omi kan sẹ́yìn ilé. Àdàbà ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni àparò kan kó ọmọ márùn-ún wá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ń tiro. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń kẹ́ ẹranko, mo kàn ń wò wọ́n ni. Àmọ́ tí oòrùn bá ga tí wọn ò tíì dé, ọkàn mi kì í balẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fojú rí òjò àkọ́rọ̀.

Bàbá àgbẹ̀ kan, tí oko wọn bá ilẹ̀ mi pààlà, máa ń gba iwájú ilé kọjá.

“Ẹ kú ọyẹ́ o, Tíṣà.”

“Ẹ kú ọyẹ́, bàbá. Àwọn àparò yẹn tún wá lónìí o. Ìyá wọn ti sanra.”

“Ibo ni wọ́n ń gbà wọlé?”

“Inú koríko tó wà nídìí kajú yẹn ni.”

Bàbá rọra mi orí. “Mo ti gbọ́.”

Bí mo ṣe ń ròyìn fún wọn lójoojúmọ́ nìyẹn, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kan, bàbá yà wọlé, wọ́n na ọ̀rá dúdú kan sí mi.

“Ẹ má bínú pé ó pẹ́, Tíṣà. Ẹ ò lè la ẹnu yín kí ẹ ní kí n fún yín lẹ́ran, ṣùgbọ́n mo gbọ́ yín.”

Àparò yíyan ló wà nínú rẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ náà ni.

Lọ́dọ̀ wa, àgbàlagbà kì í tọrọ nǹkan ní tààrà. Tí ìyá mi bá fẹ́ iṣu, wọ́n á kàn máa yin iṣu olóko ni, títí olóko á fi gbé e wá. Inú àṣà yẹn ni mo dàgbà sí, èmi náà sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Kí ni mo tún lè ṣe? Mo sè é, mo sì jẹ ẹ́. Ó dùn, ìyẹn gan-an ló sì bà mí nínú jẹ́ jù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá wá bá mi lẹ́yìn ilé, wọ́n dúró lẹ́bàá àga mi, wọ́n kẹ̀yìn sí abọ́ omi.

“Àwọn ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń wá?”

Mo ń wo èyí tó ń tiro lẹ́yìn wọn. Ó ti ki ẹnu bọ omi.

“Rárá, bàbá. Wọ́n ti lọ.” Mo gbé kọ́ọ̀bù tíì mi sílẹ̀. “Àmọ́ iṣu yín tọdún yìí mà tóbi o.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Mo ti gbọ́,” ni wọ́n wí.