Kọ̀ǹpútà Tí Mo Ń Pọ̀n Kiri Mowe

Nígbà tí a kó kúrò ní Mushin lọ sí ilé tiwa ní Mowe, a kò tíì rẹ́ ilé náà, a kò sì tíì kùn ún, ṣùgbọ́n inú wa dùn pé a ti bọ́ lọ́wọ́ onílé. Ìrìn àjò ibi iṣẹ́ ni wàhálà mi. Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lọ́dọ̀ Alhaji kan tó ń ṣe ìwé fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń jáde kí àkùkọ tó kọ, nígbà tí mo bá sì fi máa délé, Tóbi ọmọ mi á ti sùn.

Nígbà tó sú mi, mo lọ bá Alhaji pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí n gbé kọ̀ǹpútà tí mò ń lò lọ sílé, kí n máa ti ibẹ̀ ṣiṣẹ́, kí n sì máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láti káfé íńtánẹ́ẹ̀tì. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀lú ni nígbà yẹn. A ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní Alhaji fi ọgbọ́n lé mi dànù ni.

Èmi ni mò ń to ọ̀rọ̀ àti àwòrán sí ojú ewé, tí mò ń rí i pé àmì ohùn kọ̀ọ̀kan jókòó sórí lẹ́tà tó ni ín. Kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló mọ lẹ́tà Yorùbá. Bí ẹ bá ṣí iṣẹ́ mi lórí òmíràn, gbogbo ẹ àti ọ á di àpótí kéékèèké, àwọn àmì á sì fọ́n ká bí ìyẹ̀fun. Àfi tí mo bá parí, tí mo sọ ojú ewé di àwòrán, ló tó ṣeé ṣí níbòmíràn. Torí náà, ibi tí iṣẹ́ bá ń lọ, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ bá a lọ.

Iná kò sì tíì dé àdúgbò wa. Mo wá àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n ní jẹnẹrétọ̀, ọ̀kan ní Mowe, ọ̀kan ní Ìbàfò. Ti Mowe bá bàjẹ́, mo di èrò Ìbàfò. Ojú kọ̀ǹpútà wà lọ́dọ̀ wọn, ara rẹ̀ nìkan, àpótí irin tí à ń pè ní sípíyù, ni mò ń gbé lọ gbé bọ̀ lórí ọ̀kadà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan. Wàsíù, ọlọ́kadà tó máa ń gbé mi, ló gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi ọ̀já pọ̀n ọ́n, kí n lè fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀kadà mú. Mo mú ọ̀já tí mo fi pọn Tóbi, mo wé aṣọ mọ́ irin náà, mo gbé e pọ̀n. Àwọn èèyàn a máa kí mi lójú ọ̀nà pé ẹ kú ọmọ, èmi náà á dáhùn pé ẹ ṣeun.

Ìwé Yorùbá fún àwọn ọmọ kíláàsì kejì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ètò yìí jẹ́. Alhaji ti kìlọ̀ pé bí ìwé náà kò bá jáde kí ilé ìwé tó wọlé, kí n padà sí Ṣómólú tàbí kí n wáṣẹ́ mìíràn. Mò ń gbé sípíyù náà lọ sí Ìbàfò lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn tó ń bọ̀ láti àgọ́ àdúrà ti dí ọ̀nà ẹsipirẹ́ẹ̀sì pa. Wàsíù gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, táyà yọ̀ nínú ẹrẹ̀, èmi pẹ̀lú ohun tí mo pọ̀n sì ṣubú sínú omi.

Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí nítòsí sáré wá. Ìyá àgbàlagbà kan dé ọ̀dọ̀ mi ṣáájú, ó ń pe Ọlọ́run, ó ń tú ọ̀já mi kí ọmọ má bàa kú. Nígbà tí ó ṣí aṣọ, irin ló rí. Ó wo irin náà, ó wo ojú mi.

"Kí lèyí?"

"Kọ̀ǹpútà ni, mà. Iṣẹ́ mi ni."

Àwọn yòókù ti ń rẹ́rìn-ín. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó rí i pé mò ń sunkún.

"Ohun tó ń bọ́ èèyàn, ọmọ ni," ó wí. "Ẹ wá bá mi gbé e kúrò nínú omi."

Ó fi ìró ara rẹ̀ nù ún, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àdògán níbi tí ooru ti ń fẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀, ó sì fún mi ní omi láti fọ ẹsẹ̀.

Kúnlé, tí a jọ lọ sí ilé ìwé gíga, ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ifọ̀. Òun nìkan ni mo lè fi iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́. Wàsíù wá ọ̀nà gbé mi dé ibùdókọ̀ Bẹ́gà, ó sì kọ̀ láti gba owó ọkọ̀ náà. Lábẹ́ agboòrùn obìnrin kan tó ń fi fóònù rẹ̀ ta ìpè ni mo ti pe Alhaji. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo wá ń dúró kí ó lé mi.

"Ṣé ìwọ fúnra rẹ ò fara pa?" ó bi mí.

Mo ní rárá.

"Máa lọ sí Ifọ̀. Mo ṣì ń retí rẹ."

Mo gba Àgbàdo dé Ifọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Kúnlé tú irin náà, ó da ẹrẹ̀ jáde. Ó ní ara rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ọpọlọ rẹ̀ ṣì wà. Ó yọ ibi tí iṣẹ́ àti lẹ́tà Yorùbá wà, ó gbé e sínú kọ̀ǹpútà mìíràn. Ojú kọ̀ǹpútà náà kọ́kọ́ dúdú. Ìgbà tó wá mọ́lẹ̀, ewé mi ló jáde, ẹ àti ọ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ wọn. Nínú ṣọ́ọ̀bù Kúnlé ni mo ti parí ìwé náà, mò ń ti Mowe lọ, mò ń bọ̀, káfé Ifọ̀ ni mo sì ti fi ránṣẹ́. Èsì Alhaji kò gùn: ó dé, gbogbo àmì pé.

Kò sọ̀rọ̀ Ṣómólú mọ́. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ní kí méjì nínú àwọn tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ náà máa ti ilé ṣiṣẹ́, èmi ló sì rán láti kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣe é.

Lẹ́yìn tí ilé ìwé wọlé, mo padà sí Ifọ̀ láti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Kúnlé. Mò ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé kan kọjá, mo gbọ́ tí àwọn ọmọ ń kàwé, mo sì mọ ewé tí wọ́n wà. Mo dúró sẹ́yìn fèrèsé. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ka "ọkọ̀" níbi tí mo kọ "ọkọ́" sí. Olùkọ́ rẹ̀ kò bá a wí.

"Wo àmì orí rẹ̀ dáadáa," ó wí.

Ọmọ náà tẹ orí ba ìwé. Ó wò ó pẹ́.

"Ọkọ́," ó kà. "Bàbá gbé ọkọ́ lọ sóko."