Eyín Àdíját, Àyà Lùkúmọ̀n

Bí Àdíját, ìyá ẹlẹ́ja yìnyín ní ọjà Sandgrouse, bá rẹ́rìn-ín, ẹ ó rí i pé eyín iwájú kan kò sí lẹ́nu rẹ̀. Mọ̀núrù alápatà ló yọ ọ́, ẹ̀ṣẹ́ ló sì fi yọ ọ́.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ọkọ Àdíját ṣubú lulẹ̀ ní agboolé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n da omi lé e lórí, wọ́n fi ṣíbí la eyín rẹ̀, wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀. Àdíját gan-an wà lára àwọn tó ń da omi. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Inú bí i sí ara rẹ̀. Ó lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìtọ́jú pàjáwìrì ní Oníkan, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀sán kan péré ni ẹ̀kọ́ náà gbà, àwọn ará ọjà sì sọ ọ́ di Dókítà Ẹlẹ́ja.

Àfi bí Lùkúmọ̀n, ẹ̀gbọ́n Mọ̀núrù, ṣe wó lulẹ̀ nídìí pákó ẹran rẹ̀ ní Sátidé kan. Kò mí mọ́. Ẹnìkan ti ń gbé korobá omi bọ̀. Àdíját gbá korobá náà dànù, ó ní kí wọ́n wá mọ́tò, ó kúnlẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ẹran, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́, ó ń tẹ àárín àyà Lùkúmọ̀n kíákíá, tagbáratagbára. Egungun ìhà kan dún kà. Gbogbo wọn gbọ́ ọ.

Mọ̀núrù, tó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí i láràárọ̀, gbá a ní ẹ̀ṣẹ́ lẹ́nu. Eyín fò. Ẹlòmíràn fi èèkù ọ̀bẹ lù ú léjìká, wọ́n fa ìborùn rẹ̀ ya, wọ́n ní ó fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Àdíját tutọ́ ẹ̀jẹ̀, kò dáwọ́ dúró. Ẹ̀rù bà á gan-an, ṣùgbọ́n ikú ọkọ rẹ̀ dùn ún ju ẹ̀ṣẹ́ lọ. Apá rẹ̀ ti ń kú lọ.

"Mọ̀núrù," ó ní, "ẹ̀gbọ́n ẹ ti kú báyìí. Egungun tó kán máa jiná. Agbára tí o fi ń lù mí yẹn, gbé e wá síbí."

Mọ̀núrù kúnlẹ̀. Àdíját gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síbi tó yẹ, ó ń kà fún un: ení, èjì, ẹ̀ta. Bó bá rẹ ọ̀kan, èkejì á gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ títí dé ilẹ̀ inú bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń kó ẹran, títí dé ọsibítù, níbi tí dókítà ti fi ẹ̀rọ ta ọkàn náà jí.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Lùkúmọ̀n padà sídìí pákó rẹ̀. Ní gbogbo Jímọ̀, Mọ̀núrù máa ń gbé ẹran wá fún Àdíját. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì eyín, nítorí náà ó máa ń yọ eegun ẹran náà, á sì gé e wẹ́wẹ́ kó tó gbé e wá.